Ẹ̀yin Onígbó Àárín Ìlú, A Kí Yín O!

A kí ẹ̀yin onílẹ̀ tí ẹ kò kọ́lé. A kí ẹ̀yin tí ẹ ra púlọ́ọ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé onílé, tí ẹ mọ ògiri yí i ká, tí ẹ fún ọmọ onílẹ̀ lówó ìpìlẹ̀, owó òrùlé àti owó ohun tí kò lórúkọ, tí ẹ sì bẹ́sẹ̀ yín sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà. A kò ní dárúkọ ẹnì kankan. Lágbègbè Kétu, bí ẹlẹ́fẹ̀ bá bọ́ sójú agbo lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ó lè fi olówó ṣẹ̀fẹ̀, ó lè fi olóyè ṣẹ̀fẹ̀, ilẹ̀ á mọ́, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé. Ọ̀sán gangan là ń sọ tiwa, inú ìwé ìròyìn sì ni, ṣùgbọ́n àṣẹ kan náà la gbà. Ẹni tọ́rọ̀ bá bà, kó wá àdá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àkọlé tí ẹ kọ sára ògiri: “THIS LAND IS NOT FOR SALE. BEWARE OF 419.” Ọ̀dà pupa, lẹ́tà gbàǹgbà-gbàǹgbà. Owó ọ̀dà wà, owó lébìrà ni kò sí. Ta ló tiẹ̀ sọ fún yín pé ẹnì kan fẹ́ rà á? Ẹni tó bá fẹ́ wo ilẹ̀ yẹn báyìí, àfi kó mú ọdẹ lẹ́yìn. Eèsún ti ga ju ògiri lọ, ó ń yọjú wo ohun tí aládùúgbò ń sè. Ẹ̀kan gba iwájú, wèrèpè gba ẹ̀yìn, èèmọ́ ń dúró de ṣòkòtò ẹni tó bá fẹ́ fi ibẹ̀ gé ọ̀nà kúrú. Ewé tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólówọ̀, náà kò gbẹ́yìn. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá, ó sì gba oko mọ́ àwọn àgbẹ̀ wa lọ́wọ́. Àwọn àgbà òṣèlú méjèèjì ti re ibi àgbà ń rè, ewé wọn ṣì wà lórí púlọ́ọ̀tì yín, ó ń kó ìbò jọ.

Ẹ ó ní ilẹ̀ yín ni, kí ló kàn wá? Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Òótọ́ ni. Sọ̀fíyọ̀ ti wọn tiyín, ó ti ri òpó símẹ́ńtì mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìwé rẹ̀ sì wà nínú àpótí. Ṣùgbọ́n ejò kò mọ̀wé. Paramọ́lẹ̀ á sùn lọ́dọ̀ yín, á wá jẹun lágbàlá wa. Eku náà kò mọ òpó símẹ́ńtì. Ẹ bi àwọn ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó léèrè, pàápàá àwọn ará agbègbè Ọ̀wọ̀, kí wọ́n sọ ohun tí ibà Lassa ń fojú wọn rí bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Eku ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló fi ń ba oúnjẹ èèyàn jẹ́. Bí ọyẹ́ bá wá mú, onílẹ̀ á rán ẹnì kan wá kó ṣáná sí igbó náà, á ní òun ti tún ilẹ̀ òun ṣe. Gbogbo eku inú rẹ̀ á dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á kó wọ kìṣíìnì wa láì san àsansílẹ̀, láì san owó àgbàwí.

Ẹ jẹ́ ká ṣòdodo fún koríko o. Àwọn kan ń sọ pé koríko ló ń bí ẹ̀fọn. Irọ́ ni. Omi ló ń bí i. Koríko kàn ń fún un ní ibòji tó máa sùn sí lọ́sàn-án ni, kí ara rẹ̀ lè le fún iṣẹ́ alẹ́. Omi wo? Èyí tó wà nínú táyà, nínú agolo mílíìkì àti ìkòkò fífọ́ tó sá pamọ́ sábẹ́ koríko yẹn. Ta ló kó táyà àti agolo síbẹ̀? Ẹ̀yin aládùúgbò tí ẹ ń rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ pa ẹnu mọ́. Onílẹ̀ ló ni igbó, àwa la ni pámpáàsì. Àga tìmùtìmù tó ti yọ sípíríǹgì tó wà láàárín igbó yẹn kò hù láti inú ilẹ̀. Òru la gbé e lọ síbẹ̀, bí ilẹ̀ sì ti mọ́ la bẹ̀rẹ̀ sí í bú onílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1897 ni Ronald Ross fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Kò pẹ́ sí i ni William MacGregor di gómìnà Èkó, láti 1899 dé 1904. Dókítà ni, kò sì wo irà Èkó níran rárá: ó ń fa omi rẹ̀ gbẹ, ó ń la ojú ọ̀nà omi. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń kó bá èèyàn tún jà l'Ékòó, gbogbo ìlú wá mọ̀ pé ìdọ̀tí ẹnì kan lè sìnkú ẹni tó wà ní àdúgbò kejì. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni Dókítà Isaac Ladipo Oluwole dìde, tó di baba ìlera ìlú ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn wolé-wolé níṣẹ́ ní Yábàá.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ wolé-wolé. Kakí ló máa ń wọ̀, ìwé wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Kì í kan ilẹ̀kùn, àyà èèyàn ló ń kàn. Á yọjú sínú àmù, á wo tanwíji, á wo ẹ̀yìn ilé, á wo ibi tí ẹ kò fẹ́ kí àna yín rí. Bí ọmọdé kan bá ti pariwo ní ìkòríta pé “Wolé-wolé ń bọ̀ o!”, agbo ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbá láti ọjọ́ kẹta á mọ́ kí onítọ̀hún tó dé ojúlé àkọ́kọ́. Ìyá àgbà tó ní ẹ̀yìn ń dun òun látàárọ̀ á na ọwọ́ gbọọrọ mú ọkọ́. Ẹ̀rù a máa wo ẹ̀yìn dídùn sàn.

Òfin tí wọ́n ń lò nígbà náà kò tíì kú. Òfin ìlera ìlú tó ti wà láti ayé òyìnbó ka koríko gíga àti igbó tó yí ilé ká mọ́ ohun tó lè kó bá ará ìlú. Iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera á dé, á wò ó, á fún ẹni tó ni ilẹ̀ tàbí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ní nótíìsì, á dá ọjọ́ fún un. Bí ọjọ́ bá pé tí kò gé e, ó di kóòtù. Ó dára lórí ìwé. Ẹ wá mú un wá sí púlọ́ọ̀tì tí à ń wí yìí. Ẹni tó ni ín wà ní Houston. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni paramọ́lẹ̀. Wolé-wolé wo ló fẹ́ fi nótíìsì lé paramọ́lẹ̀ lọ́wọ́, kó sì ní kó bá òun buwọ́ lù ú?

Nítorí náà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ kì í lọ ọ̀dọ̀ paramọ́lẹ̀. Ẹ máa ń dúró níwájú igbó yẹn, ẹ ó mi orí, ẹ ó ní “Ó mà ga o!” Ẹ ó wá yà sílé kejì, lọ́dọ̀ ìyá opó tó gbin ewúro mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ibẹ̀ ni ojú yín ti máa ń là. Gbégi tó yọ orí lẹ́sẹ̀ ewúro ìyá yẹn ni ẹ máa kọ sílẹ̀. Ẹ ó ní ìyá lòdì sí òfin. Ìyá á ní, “Ẹ jọ̀ọ́ ọmọ mi, ẹ má bínú.” Ẹ ó ní ẹ kò bínú, ìwé ni ẹ tẹ̀ lé. Kí ẹ tó lọ, ẹ ó ti já ewúro. A mọ̀ yín.

Àbí ti Sátidé ìmọ́tótó la fẹ́ sọ? Láyé ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon, lẹ́yìn tí wọ́n gbé WAI, ogun tí wọ́n gbé ko ìwàkuwà, dìde ní 1984, ìjọba ní kí gbogbo ìlú jókòó sílé kí wọ́n gbálẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó di Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, láago méje sí mẹ́wàá àárọ̀. Ẹni tó bá jáde, sójà tàbí ọlọ́pàá á bá a sọ ọ̀rọ̀ tí kò ní gbàgbé. Kí làwọn èèyàn fi wákàtí mẹ́ta náà ṣe? Wọ́n sùn. Àwọn tó gbálẹ̀ kó ìdọ̀tí gọ́tà jáde, wọ́n kó o jọ sẹ́bàá gọ́tà, òjò ọjọ́ kejì sì bá wọn dá a padà. Àwọn onílẹ̀ tiwa yìí ń kọ́? Òfin ní kí kálukú jókòó sílé rẹ̀. Wọn kò ní ilé níbẹ̀, koríko ni wọ́n ní, koríko náà sì pa òfin mọ́: kò jáde rárá, ó kàn ń ga ni. Nígbà tí kóòtù ti ń sọ pé ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti há aráàlú mọ́lé bẹ́ẹ̀, ìjọba Èkó fi òpin sí i ní 2016. Àwọn tó ń sùn kò tiẹ̀ mọ̀.

Ó wá ku ẹgbẹ́ àwọn lándílọ́ọ̀dù. Ẹ gbọ́ bí ìpàdé wọn ṣe máa ń rí.

Alága á ní, “Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀rọ̀ igbó ẹ̀yìn ilé Ìyá Ìbejì ti di ohun tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò.”

“Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní igbó ẹ̀yìn ilé mi mọ́. Èmi kọ́ ni mo ni ín. Ejò kejì rèé tí mo pa lóṣù yìí.”

Akọ̀wé á tẹ orí ba. “Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ejò, méjì.”

“Kí lẹ fẹ́ fi kíkọ ṣe, Akọ̀wé? Ẹ wá gé e!”

“Ẹ fara balẹ̀, Ìyá. Ìgbìmọ̀ la máa yàn.”

Wọ́n á yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje. Ìgbìmọ̀ á ní kí ojúlé kọ̀ọ̀kan dáwó. Wọ́n á fi lára owó náà ra mínírà àti pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù tí ìgbìmọ̀ máa fi ṣèpàdé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Bàbá Alhaji tó ti ń sùn lórí àga á la ojú, á béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tó mọ́gbọ́n dání: “Ta ló tilẹ̀ ni ilẹ̀ ọ̀hún?” Ẹnu gbogbo wọn á wọlé. Akápò á bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà. Àṣé ẹ̀gbọ́n Akápò ló ni ín.

Káńsù ń kọ́? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè tí à ń lò láti 1999 to iṣẹ́ àwọn káńsù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìtẹ́ òkú, ilé ìpẹran, ọjà, ìdọ̀tí kíkó, nọ́ńbà ojúlé, títí dé láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́, bárò àti ọmọlanke. Ọmọlanke! Ọmọ Hausa tó ń ti ọmọlanke lọ́jà kò lè sá fún káńsù. Wọ́n mọ ibi tó ń gbà, wọ́n mọ ìgbà tó ń jẹun, bí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá ti lo ọjọ́ kan kọjá, wọ́n ti di táyà rẹ̀ mú. Púlọ́ọ̀tì ni kò lẹ́sẹ̀, òun ni wọn kò rí mú. Ẹ tiẹ̀ lọ wo ẹ̀yìn ọ́fíìsì káńsù fúnra rẹ̀. Katakata tí wọ́n rà láti fi tún ìlú ṣe wà níbẹ̀, ìtàkùn ti gba inú rẹ̀ kọjá, ẹyẹ ẹ̀gà ti kọ́lé sórí sítíárì.

Bí ẹ bá sì fẹ́ fi òfin wá onílẹ̀ dé gbòǹgbò, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 ní gómìnà ló ń di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún gbogbo aráàlú. Ẹ gbé nótíìsì lọ sílé ìjọba nígbà náà, ẹ ní kí Gómìnà jáde pẹ̀lú àdá. A ó dúró dè yín níta.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ bá onílẹ̀ wa ní Houston, ní Texas, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ẹ wá wò ó láàárọ̀ Sátidé! Ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó dé fìlà, ó jókòó lórí ẹ̀rọ ìgékoríko, ó ń lọ ó ń bọ̀ níwájú ilé rẹ̀. Ọkùnrin tí eèsún rẹ̀ n'Ìbàdàn ti ń gba ẹyẹ lálejò ni o. Kí ló dé tó di àgbẹ̀ lójijì? Òfin ìlú Houston ní koríko kò gbọdọ̀ ju ínṣì 9 lọ. Ẹ na ọwọ́ yín gbalaja, láti àtàńpàkò dé ìka tó kéré jù, kò lè jìnnà sí i. Dallas ṣe àánú díẹ̀, ínṣì 12 ni tiwọn. Bí wọ́n bá kìlọ̀ tí ẹ kò gé e, ìlú á rán ẹni tó máa gé e, bíìlì á tẹ̀ lé e, bí ẹ kò bá sì san án, gbèsè náà á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ yẹn, ẹ kò ní lè tà á ní ìrọ̀rùn. Bí igbó náà bá tiẹ̀ ju ínṣì 48 lọ, tó lè ṣe èèyàn ní jàǹbá, òfin Texas gbà wọ́n láyè kí wọ́n gé e ná, kí wọ́n tó wá sọ fún yín.

A kò ní ká ya wèrè bíi tàwọn kan o. Ní Dunedin, ní Florida, níbi tí ínṣì 10 ti jẹ́ òpin, ọkùnrin kan fi ilé sílẹ̀ ní 2018, ó lọ tọ́jú ogún ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé. Ọ̀rẹ́ tó ń bá a gé koríko sì kú. Ìlú ń ka dọ́là 500 lójúmọ́ sí i lọ́rùn, torí wọ́n ní kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀. Kó tó mọ̀, gbèsè ti sún mọ́ dọ́là 30,000, wọ́n sì fẹ́ gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyẹn ti kọjá ìmọ́tótó, ìkà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí onílẹ̀ wa ń ṣe láàárín Houston àti ilé. Tọ̀sán tòru ni ìbẹ̀rù ínṣì 9 ń bẹ lára rẹ̀ lọ́hùn-ún. Nílé, àbúrò rẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. “Àbúrò, bá mi fi owó yìí ro ilẹ̀ yẹn o.” “Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n mi.” Àbúrò gba owó, ó fi ra ṣòkòtò. Bí ẹ̀gbọ́n bá béèrè, á ya fọ́tò ilẹ̀ ẹlòmíì tó mọ́ rekete, á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ̀gbọ́n á fi àwòrán àtẹ́lẹwọ́ ìdúpẹ́ dá a lóhùn. Láti ọdún yìí wá, ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń san owó ríro rẹ̀, ìdúpẹ́ ló sì ń ṣe.

Ẹ ti rí i pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọwọ́ tó ń gé koríko ní Houston kò rọ. Ẹni tó lè kọ gbèsè mọ́ ilẹ̀ rẹ̀ ló ń gé e fún. Ẹni tó kàn lè mi orí níwájú ògiri rẹ̀, kò kà á sí. Tí ẹ bá sì ní ìjọba wa kò lè mọ onílẹ̀, ẹ rántí ọdún 2018. Nígbà tí Èkó fi owó kún Land Use Charge, ìyẹn owó orí ilé àti ilẹ̀, àwọn onílẹ̀ tí a ti rò pé wọ́n ti kú jí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n ṣèpàdé, wọ́n pariwo títí ìjọba fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bíìlì mọ ọ̀nà ilé wọn nígbà náà. Kí ẹ̀yin ìjọba wá fi bíìlì kan náà ránṣẹ́ fún koríko: ẹ kìlọ̀, ẹ gé e, ẹ kọ iye tó ná yín mọ́ ìwé ilẹ̀ náà, kí onílẹ̀ má lè tà á, kí ó má lè gba àṣẹ ilé kíkọ́, títí tó fi máa san án. Kí ẹ fi ìyá eléwúro sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọ̀rọ̀ yìí dáná sun ohun tó tutù. Àwọn bàbá kan wà tí wọ́n kórìíra koríko débi pé wọ́n ti da kọnkéré bo gbogbo àgbàlá wọn, wọ́n tẹ́ íntálọ́ọ̀kì dé ẹnu gọ́tà. Bàbá, omi òjò yín ń wọ pálọ̀ wa. Àwọn kan sì wà tí wọn kì í fọwọ́ kan àdá, kẹ́míkà ni wọ́n ń fín. Ẹ rántí pé NAFDAC ti fòfin de oògùn apakoríko paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, kànga sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kì í ṣe ọ̀daràn. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ mọ ohun tó gbìn àti ohun tó hù fúnra rẹ̀.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. A ti sọ ọ́ fún yín o, ẹ̀yin onígbó. Owó lébìrà ọjọ́ méjì kò tó owó aṣọ ẹbí kan tí ẹ wọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí òjò tó ń bọ̀ bá sì bá koríko yẹn lórí ìdúró, àwa aládùúgbò ti fẹnu kò: a ó ro ó fúnra wa, a ó gbin ẹ̀gẹ́ sí i láti ògiri dé ògiri. Ìyá Ìbejì ló máa din gààrí. Ọjọ́ tí ẹ bá dé láti Houston, ẹ má mikàn, ẹ kò ní sùn lébi; a ó tà á fún yín ní ẹ̀dínwó.